Ọ̀NÀ KAN Ò WỌJÀ: Ẹ̀kọ́ Lára Ìjà Àwọn Òǹtẹ̀wé àti Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

 

Ẹ̀kọ́ wa ti ẹ̀ẹ̀kan yìí ti ìlú òyìnbó wá. Ó dá lórí ìjà tó wáyé láàárín àwọn tó ń tẹ ìwé jáde àti àwọn tó ń bá wọn tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn lè ní, "Akọ̀wé, kí ló kan onígàrí pẹ̀lú ìwé?" Ó kàn wá dáadáa. Nínú ẹgbẹ́ wa lónìí, àwọn kan ń fi òróró àgbọn sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ní Èkó. Àwọn kan ń fún ọmọ tó mọ fóònù lò ní ẹja gbígbẹ kó bá wọn fi han àwọn oníbàárà tí wọn kò rí rí. Ibikíbi tí ọjà ẹnì kan bá ti jókòó lórí ìsọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ yìí ti dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kà á, kí ẹni tó lè kàwé kà á sí etí ẹni tí kò lè kà á.

ÀWỌN TÍ Ọ̀RỌ̀ KÀN

Ẹni mẹ́rin ló wà nínú òwò ìwé. Òǹkọ̀wé ni ẹni tó jókòó kọ ọ́. Òǹtẹ̀wé ni ilé-iṣẹ́ tó tún un ṣe, tó tẹ̀ ẹ́, tó sì ń pín in kiri. Ọlọ́jà ni ẹni tó pàtẹ rẹ̀. Òǹkàwé ni oníbàárà tó rà á. Bó ṣe rí ní tiwa náà nìyẹn: àgbẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, ẹnì kan yan gàrí, ẹnì kan tà á, ẹnì kan sì jẹ ẹ́ níkẹyìn.

Amazon ni orúkọ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń sọ yìí. Jeff Bezos ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1994, ìwé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tà nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ní 1995, kí wọ́n tó kó oríṣiríṣi ọjà mọ́ ọn. Èèyàn kì í wọ inú ìsọ̀ wọn. Ẹ ó rí àwòrán ìwé lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ẹ ó fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ "rà á" sí, ẹ ó sanwó, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007 wọ́n mú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Kindle, èyí tí èèyàn fi lè ka ìwé láìsí bébà rárá. Oríṣi ìwé méjì ló wà báyìí: èyí tí à ń fọwọ́ ṣí àti èyí tó wà nínú ẹ̀rọ. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yìí ló dá ìjà sílẹ̀.

Ọ̀NÀ MÉJÌ LÁTI TA ỌJÀ LÓRÍ ÌSỌ̀ ẸLÒMÍRÀN

Kí ìjà náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká fi òróró àgbọn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan nínú wa ń ṣe òróró náà, onísọ̀ kan ní Èkó sì fẹ́ máa bá a tà á.

Ọ̀nà kìíní: onísọ̀ ra ìgò kan ní ₦2,000 lọ́wọ́ ẹ, ó ti san owó rẹ, ọjà ti di tiẹ̀. Ó lè tà á ní ₦3,000. Ó sì lè tà á ní ₦1,800 kó fi pe èrò wá sí ìsọ̀ rẹ̀, kó máa jèrè lára nǹkan mìíràn tí wọ́n bá rà. Owó tìrẹ kò dín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá gbé òróró kan náà lọ sí Agbálátà ní Àgbádárìgì, tí o ní ₦2,500 ni, oníbàárà á ní, "Olè! Mo rí i ní ₦1,800 l'Ékòó." Kò pẹ́, àwọn onísọ̀ mìíràn tó ń bá ẹ tà á kò ní gbà á mọ́, nítorí wọn kò lè tà á ní iye yẹn. Nígbà tó bá wá ku onísọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ó lè yíjú padà ní ₦1,200 lòun máa máa san fún ẹ. Ta lo fẹ́ lọ bá?

Ọ̀nà kejì: ìwọ lo dá iye lé e, ₦3,000. Onísọ̀ kàn ń bá ẹ tà á, ó ń yọ ₦30 nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan. Nínú ₦3,000 ó mú ₦900, ó kó ₦2,100 fún ẹ. Kò gbọdọ̀ dín iye náà kù láìjẹ́ pé o mọ̀ sí i.

Ọ̀nà kìíní ni àwọn òǹtẹ̀wé àti Amazon bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo ìwé tuntun kan tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 26. Òǹtẹ̀wé á tà á fún Amazon ní bíi ìdajì, ìyẹn dọ́là 13. Amazon á wá ta ti inú ẹ̀rọ ní dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 99. Ẹ gbọ́ o, wọ́n rà á ní 13, wọ́n sì tà á ní nǹkan bí 10! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pàdánù lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn èèyàn lè ra Kindle, kí wọ́n sì mọ ojú ọ̀nà ìsọ̀ wọn. Àwọn òǹtẹ̀wé ń gba owó wọn pé, síbẹ̀ àyà ń já wọn. Ohun tí ẹni tó ń ṣe òróró yẹ kó bẹ̀rù ni àwọn náà ń bẹ̀rù.

ÌJÀ TI 2010

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Apple, àwọn tó ń ṣe fóònù, fẹ́ ṣí ọjà ìwé tiwọn. Wọ́n ní àwọn gba ọ̀nà kejì: kí òǹtẹ̀wé dá iye lé ọjà rẹ̀, kí àwọn máa yọ 30 nínú 100. John Sargent, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ òǹtẹ̀wé Macmillan, lọ bá Amazon pé irú ọ̀nà yìí ni òun náà fẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Amazon ti yọ ibi "rà á" kúrò lára gbogbo ìwé Macmillan, àti ti bébà àti ti inú ẹ̀rọ. Àwòrán ìwé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí oníbàárà lè fọwọ́ tẹ̀ láti rà á lọ́wọ́ Amazon fúnra rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí onísọ̀ bá da aṣọ bo ọjà rẹ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ 31 oṣù yẹn kan náà, Amazon kéde pé àwọn yóò gbà, nítorí pé Macmillan nìkan ló ni àwọn ìwé yẹn, àwọn oníbàárà sì ń fẹ́ wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé Apple ti wà nítòsí, ọ̀nà mìíràn ti ṣí.

Nínú ọ̀nà tuntun yìí, owó tó ń wọ àpò òǹtẹ̀wé lórí ìwé kan dín kù. Bí ìwé inú ẹ̀rọ bá jẹ́ dọ́là 12 àti sẹ́ǹtì 99, tí ọlọ́jà yọ 30 nínú 100, dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì díẹ̀ ló kù fún un, bẹ́ẹ̀ 13 ló ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fara mọ́ owó tó kéré kí agbára àtidá iye lé ọjà lè padà sọ́wọ́ wọn.

ÌJỌBA DÁ SÍ I

Ṣùgbọ́n wọn kò dá nìkan ṣe é. Òǹtẹ̀wé ńlá márùn-ún ló gba ọ̀nà Apple yìí lẹ́ẹ̀kan náà, iye ìwé inú ẹ̀rọ sì lọ sókè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà pe Apple àti àwọn márùn-ún náà lẹ́jọ́ pé wọ́n dìtẹ̀ láti gbé iye ọjà sókè lé oníbàárà lórí. Àwọn òǹtẹ̀wé bá ìjọba parí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Apple jà á dé ilé ẹjọ́, wọ́n dá a lẹ́bi ní 2013. Ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti tún ẹjọ́ náà gbọ́, ó di dandan fún Apple láti san mílíọ̀nù 450 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹgbẹ́ bíi tiwa gidi. Nílẹ̀ wa níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, kò gbà kí àwọn tó ń ta ọjà kan náà péjọ láti fi ẹnu kò lórí iye tí gbogbo wọn yóò máa tà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ibẹ̀ ni a ó gbà jà fún ara wa. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí oníkálukú ṣe àdéhùn tirẹ̀ kó dán mọ́rán, kí ẹgbẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹlẹ́rìí.

ÌJÀ TI 2014

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Amazon àti Hachette, ilé-iṣẹ́ òǹtẹ̀wé ńlá kan tí àwọn ará Faransé ni. Àdéhùn àtijọ́ láàárín wọn parí ní 2014, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí tuntun. Ìgbà tó di oṣù karùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí gbangba. Ìwé Hachette tó máa ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń kọ ọ́ sí i lára pé ó máa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀dínwó rẹ̀. Àwọn ìwé tí kò tíì jáde, tí èèyàn ti lè sanwó fún sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ àyè yẹn kúrò. Ìwé The Silkworm tí J.K. Rowling kọ lábẹ́ orúkọ Robert Galbraith pàápàá wà lára èyí tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Amazon náà ní àlàyé, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ 29 oṣù keje wọ́n ní bí ìwé inú ẹ̀rọ kan bá tà 100,000 ní dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 99, yóò tà 174,000 bó bá jẹ́ dọ́là 9 àti sẹ́ǹtì 99. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ti àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 1,499,000, ti èkejì jẹ́ nǹkan bí 1,738,000. Àwa ọlọ́jà mọ ọgbọ́n yìí, pé èrè kékeré lórí ọjà púpọ̀ dára ju èrè ńlá lórí ọjà díẹ̀. Èsì àwọn òǹtẹ̀wé ni pé ìwé kò dọ́gba, òmíràn gba ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ńlá kó tó jáde, ẹni tó náwó sí i ló sì mọ iye tó yẹ ẹ́.

Ẹ má jẹ́ ká yára dá ẹnì kan lẹ́bi. Ẹ wo ẹni tó jìyà jù. Òǹkọ̀wé ni. Kò sí nílé ìpàdé, wọn kò bi í léèrè, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń fa okùn. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Douglas Preston kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n lé ní 900, wọ́n sì sanwó fún ojú ìwé méjì nínú ìwé ìròyìn New York Times lọ́jọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Amazon má fi ìyà ìjà jẹ àwọn. Àwọn òǹkọ̀wé mìíràn, tó ń ta ìwé wọn fúnra wọn lórí Amazon láìsí òǹtẹ̀wé láàárín, gbè sẹ́yìn Amazon ní tiwọn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Bí oníkálukú ṣe dúró ló ṣe sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ 13 oṣù kọkànlá ni wọ́n kéde pé ó ti parí. Àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ ni wọ́n ṣe. Hachette ni yóò máa dá iye lé ìwé inú ẹ̀rọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní wà fún un bó bá dá iye tó rọjú lé e. Àwọn ńlá méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Oníbàárà tó kọ̀ láti ra ìwé nítorí wọ́n ní kó dúró ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa lọ wá a padà fún òǹkọ̀wé?

NÍLÉ WA NÍBÍ

Ní Nàìjíríà, Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀ ní 2013, níbi tí òǹkọ̀wé ti lè gbé ìwé rẹ̀ sórí fóònù kí àwọn èèyàn sì rà á. Ó ran ọ̀pọ̀ tí kò rí òǹtẹ̀wé lọ́wọ́. Ọjà náà kógbá sílé ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 2023. Kò sí ìjà nínú èyí, ọjà náà kàn tì ni. Ẹni tó ní ìwé níbẹ̀ àti níbòmíràn kàn mú ẹsẹ̀ kan kúrò. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló wà, àfi kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tuntun. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan ò wọjà.

OHUN TÓ YẸ KÁ KỌ SÍLẸ̀

Nítorí náà, kí ọjà wa tó kúrò ní Gbaji lọ sórí ìsọ̀ ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù olókùúta, ì báà jẹ́ ti orí fóònù, ẹ jẹ́ ká dáhùn nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí, kí wọ́n sì wà nínú ìwé:

1. Ṣé wọ́n ra ọjà náà tán ni, àbí a kàn fi sílẹ̀ kí wọ́n bá wa tà á? Bó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù, ta ló ru ú?

2. Ta ló ń dá iye lé e? Ṣé onísọ̀ lè ṣe gbànjo rẹ̀ láìsọ fún wa?

3. Èló ni ti onísọ̀ nínú ₦100? Ta ló ń san owó ọkọ̀, ta ló sì ń san án bí oníbàárà bá dá ọjà padà?

4. Ọjọ́ wo ni owó máa wọlé? "Bó bá tà" kì í ṣe ọjọ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí i.

5. Bí àdéhùn bá parí tí a kò tíì ṣe tuntun ńkọ́? Ibí yìí ni ti Hachette ti há. Ẹ kọ ọ́ pé ohun tó wà tẹ́lẹ̀ yóò máa bá a lọ fún iye ọjọ́ báyìí, lẹ́yìn náà kí wọ́n kó ọjà tó kù padà kí wọ́n sì san owó èyí tó ti tà.

6. Ṣé a lè ta ọjà kan náà fún ẹlòmíràn? Ẹni tó bá ní ká má ta á fún ẹnikẹ́ni mọ́, kí ló máa fi dípò rẹ̀ fún wa?

Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó ní kí ọmọ rẹ̀ tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á sí i létí lédè tó gbọ́, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ Ègùn, kó tó tẹ̀ka. Kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀. Kí ìwé náà jẹ́ méjì, ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún wọn. Bó bá jẹ́ ti orí fóònù, ìwé àdéhùn gígùn kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n á ní kí ẹ tẹ "mo gbà". Ẹ má tẹ̀ ẹ́ títí ẹnì kan á fi kà á fún yín, pàápàá ibi tí wọ́n bá kọ pé àwọn lè yí àdéhùn padà nígbà tó bá wù wọ́n.

ÀWA NÁÀ JẸ́ ONÍSỌ̀

Ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀yìn o. Kì í ṣe ìgbà gbogbo la jẹ́ ẹni tí wọ́n da aṣọ bo ọjà rẹ̀. Obìnrin tó gbé gàrí ti oko dé ní àárọ̀, tí àwa tí a ní ìsọ̀ ń wò ó níran, tí a kò dá a lóhùn gidi títí ọkọ̀ tó máa gbé e padà fi ń fọn fèrè, kí ó lè ta á ní ọ̀pọ̀, kí la ṣe fún un? Ohun tí Amazon ṣe ní 2014 náà ni. A mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn fún un, a wá fi àkókò fún un lọ́rùn. Ẹni tó yan gàrí náà nílé, tí a kò rí rí, òun ni òǹkọ̀wé inú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n bá wa ṣe àdéhùn tó gún, ẹ jẹ́ kí àdéhùn tiwa pẹ̀lú àwọn ará oko gún pẹ̀lú.

BÍ OWÓ BÁ HÁ

Bí onísọ̀ bá jẹ owó, ẹ má gbé ìjà lọ. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Bí kò bá yanjú, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Citizens Mediation Centre, tó ń bá ará ìlú parí aáwọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Bó bá tún kọjá ìyẹn, kóòtù fún gbèsè kékeré wà, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà béèrè owó yín sí ẹni tó jẹ yín. Ẹ lè sọ̀rọ̀ fún ara yín níbẹ̀ láìgba lọ́yà. Ohun tí wọn yóò sì kọ́kọ́ béèrè ni ìwé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA TÓ Ń BỌ̀

1. Nínú ọ̀nà méjì tí a sọ, èwo ló dára fún ẹja gbígbẹ tó lè bàjẹ́, èwo ló sì dára fún òróró àgbọn tó lè pẹ́? Kí nìdí?

2. Bí onísọ̀ rẹ kan ṣoṣo bá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́la, ibo lo máa gbé ọjà lọ?

3. Kí ni ẹgbẹ́ wa lè kọ sínú ìwé àdéhùn kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè máa lò?

Ẹ mú èsì yín dání wá, kí ẹni tó ní ìwé àdéhùn nílé sì mú un wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjà á tà, owó á wọlé, a kò ní ṣòwò àṣedànù o. Àmín.